Àwọn Adìẹ Onírùngbọ̀n Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Mi ní Ṣábẹ̀

Ṣábẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí òjò kò sì tíì dé

Brigitte ọmọ mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ariwo Kútọ̀nù, ẹ kú atẹ́gùn òkun tí o ní ó ń jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ igi. Ṣé àlàáfíà ni Jean-Baptiste ọkọ rẹ wà? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa? Ìwọ náà ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ti jẹ́ kí o gbádùn? Ọlọ́run tó ń di àwọn òkúta ńlá Ṣábẹ̀ mú tí wọn ò fi yí lu orí ilé wa, òun náà ni yóò máa di òrùlé yín mú. Àmín, kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Mo ti múra fún Ìyípadà, ìjà sì ń tẹ̀síwájú. Barthélemy, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ délégéè, aṣojú ìjọba Ìyípadà ní àdúgbò wa, ló ní orí gbogbo lẹ́tà ni kí a máa kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí. Mo bi í pé ta ni a ń bá jà, ó ní àwọn tó ń rẹ́ wa jẹ ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ tán ná, nítorí mi ò mọ bí bàbá ṣe ń fi ìjà ṣí ẹnu sí ọmọ rẹ̀. Ó rò ó díẹ̀, ó gbà.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí o, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bá mi kọ ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ṣí fún àwa àgbà ti ṣe mí lóore. Ibi tí o bá ti rí i tí tàdáwà ti ṣàn, òógùn ọwọ́ mi ni, kì í ṣe omijé, má bẹ̀rù.

Ilé dára. Iṣu oko Bẹ̀sẹ́ ta dáadáa ju ti èṣí lọ, igi kajú sì ti yọ òdòdó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Àdìdó ní kí n kí ọ, eyín rẹ̀ tó kù ti yọ, ó ní ara ti wá fúyẹ́. Páànù tó ń jò lórí yàrá ìyá rẹ, mo ti gbé òkúta lé e, ó ṣì ń jò, ṣùgbọ́n ó ti kúrò lójú kan náà.

O bínú nínú lẹ́tà rẹ pé láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé pé àwọn adìẹ gúnlẹ̀, mi ò tún mẹ́nu bà wọ́n mọ́. Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ wọn ni kò tíì parí nígbà náà, mi ò sì fẹ́ sọ ọ́ ní ààbọ̀ kí o má baà máa ronú níbi iṣẹ́. Ó ti parí báyìí. Jókòó, kí n rò ó fún ọ bó ṣe rí.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin gbé wọn dé, tí mo ṣí agbọ̀n tí mo rí àkùkọ yẹn pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀ àti irun tó bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ti kú ni mo rí. Bí ó ṣe ń wo ènìyàn látòkè, bí ó ṣe ń na ọrùn kó tó sọ̀rọ̀, òun gan-an ni. Díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Àwọn àgbébọ̀ mẹ́ta tó tẹ̀lé e náà ní irùngbọ̀n, èyí ò jọ mí lójú, nítorí o ti sọ pé láti Amẹ́ríkà ni òyìnbó obìnrin tí ẹ jọ ń gbé inú àgbàlá kan náà ti mú irú wọn wá, àti pé kó tó padà sílé rẹ̀ ló fi wọ́n ta ọ́ lọ́rẹ. Mo ka orúkọ wọn nínú ìwé tí o so mọ́ agbọ̀n, Ameraucana, mo kà á títí ó fi yé mi. Ẹnikẹ́ni tó bá bi mí, mo ń sọ fún un pé ará Amẹ́ríkà náà ni wọ́n, Amẹ́ríkà kan náà tí rédíò ń bú lójoojúmọ́.

Nígbà tó yá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Brigitte, o ò sọ fún mi! Ẹyin àkọ́kọ́ tí mo gbé, àwọ̀ sánmà ni. Mo rò pé jìgìjìgì ọkọ̀ ojú irin ló mú un dápàá nínú ìyá rẹ̀, bí ara ènìyàn ṣe máa ń dúdú tó bá fi orúnkún gbá àpótí. Mo yọ́ òrí díẹ̀, mo fi ra ikùn àgbébọ̀ náà, mo sì ní kó pẹ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kejì òmíràn tún yé irú rẹ̀. Mo fi òrí ra òun náà. Ìgbà tí ẹ̀kẹta ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo tó fara balẹ̀ wò ó, mo wá rí i pé kì í ṣe ọgbẹ́. Aṣọ aláró tí ìyá rẹ máa ń fi pọn yín, èyí tó fọ̀ fọ̀ fọ̀ títí aró rẹ̀ fi di fẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ gan-an ló wà lára ẹyin náà. Mi ò lè fọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Mo gbé e ka orí àpótí, mo ń wò ó.

Àwọn ará àdúgbò ò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ta ló mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Barthélemy náà gbọ́, ó dé fìlà rẹ̀, ó wá bá mi lẹ́yìnkùlé, ó bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀mpẹriálísì ni àwọn adìẹ yìí, irú èyí tí rédíò ń bú. Mo ní mi ò mọ ẹ̀yà yẹn, Ameraucana ni ọmọ mi kọ fún mi. Ó yí wọn ká, ó wo irùngbọ̀n wọn, ó ní kí a fọ́ ẹyin kan kí ojú gbogbo ènìyàn rí i. Ìyá Abdoulaye ló gbé agbada kaná.

O mọ ìyá Abdoulaye, Adjara, aládùúgbò wa tí ògiri ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kan tiwa, opó tó ń din iṣu tà lẹ́bàá ọ̀nà fún àwọn onímọ́tò tó ń lọ sí Parakú. Òun ló ń wẹ̀ fún ìyá rẹ nígbà àìsàn tó gbé e lọ, nígbà tí ìwọ wà nínú oyún tí dókítà ò jẹ́ kí o rìn. Adjara fọ́ ẹyin náà, inú rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹyin adìẹ ilé, ó gé àlùbọ́sà sí i, ó din ín. Barthélemy jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó bi wá bóyá a tún ní òmíràn. Ó wá kéde fún àwọn tó dúró pé Ìyípadà kò ní ohunkóhun láti sọ nípa èèpo ẹyin. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kí mi kí n tó kí i.

Ìjọ̀ngbọ̀n mìíràn ló wá bẹ̀rẹ̀. O kọ ọ́ sínú ìwé, o sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, pé kí n má jẹ́ kí adìẹ ilé gùn wọ́n, kí ẹ̀jẹ̀ wọn má baà bàjẹ́. Mo fi ọparun ṣe ọgbà yí wọn ká. Ṣùgbọ́n àkùkọ pupa Adjara, ẹ̀yìn ọgbà yẹn ló ń sùn, ẹ̀yìn ọgbà yẹn ló ń jí, ọjọ́ kan ó fò ó wọlé. Mo gbé e padà fún olówó rẹ̀, mo sì fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé fún un pé Brigitte ní ẹ̀jẹ̀ àkùkọ rẹ̀ yóò ba ẹ̀jẹ̀ adìẹ wa jẹ́. Mo rò pé àlàyé ló ń fẹ́. Adjara gbé ṣíbí tó fi ń din iṣu sílẹ̀. Ó bi mí pé àkùkọ òun ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ba nǹkan jẹ́? Àkùkọ tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ló ń jí gbogbo àdúgbò fún ìrun àárọ̀? Ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní inú ìwé ló wà. Ó ní ó dára, kí ìwé náà máa bá mi din iṣu kí ó sì máa kí mi kú àárọ̀. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ kúrò lójú ògiri, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ilé yìí wá dákẹ́, Brigitte. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohùn obìnrin yẹn lójú ògiri ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Mo ń bá àwọn adìẹ sọ̀rọ̀. Wọ́n ń gbọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í dáhùn.

Ọyẹ́ wá wọlé. Ó le lọ́dún yìí, ètè gbogbo ènìyàn là. Ní òwúrọ̀ kan mo rí àkùkọ náà tí ó fi orí kọ́ ilẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ dà bí ewé tútù, ó ń húkọ́. Kó tó di ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn àgbébọ̀ náà ti ń húkọ́, ikọ́ gbígbẹ bíi ti ènìyàn. Abdoulaye ọmọ Adjara ń ṣiṣẹ́ ní búrò àwọn tó ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn, òun ni ẹni tí ènìyàn ì bá sáré pè. Ṣùgbọ́n ó ti lọ sí oko àwọn Fúlàní lọ tọ́jú màlúù, ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ ibi tó wà, mi ò sì mọ ẹnu tí n ó fi bi í.

Nígbà náà ni mo rántí nọ́ńbà tẹlifóònù tí o kọ fún mi pé kí n fi pè ọ́ tí ọ̀rọ̀ bá le. Mo rò ó pé tí mo bá kàn sọ fún ọ pé adìẹ ń húkọ́, irú ikọ́ wo ni o fẹ́ sọ fún àwọn dókítà Kútọ̀nù? Mo bá gbé àgbébọ̀ náà sínú agbọ̀n, ó di ilé pọ́sìtì, kí o lè fi etí ara rẹ gbọ́ ọ. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ní adìẹ kì í fi tẹlifóònù sọ̀rọ̀. Mo ní kò ní sọ̀rọ̀, kó kàn húkọ́ díẹ̀ ni, èmi ni n ó sọ èyí tó kù. Ó rẹ́rìn-ín, ó yí nǹkan náà, ó gbé e lé mi létí. Obìnrin kan fọhùn láti inú rẹ̀, ohùn rẹ̀ tutù, ó ní, nẹ kité pa. Mo bi akọ̀wé pé kí ló wí. Ó ní ó ní kí ẹ má kúrò. Mo ní kó bá mi sọ fún un pé mi ò ní kúrò. Lẹ́yìn náà nǹkan náà kùn bí oyin, ó sì dákẹ́.

Akọ̀wé ní okùn ti já, kí n máa lọ ilé. Mo ní obìnrin yẹn kò sọ pé kí n lọ. Ọmọlúwàbí obìnrin tí kò mọ̀ mí rí, tó fohùn tútù bẹ̀ mí pé kí n dúró, kí n wá fi í sílẹ̀ níbẹ̀? Bóyá ìwọ ló lọ pè. Bóyá o wà lọ́nà tí o ń bọ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo gbé àgbébọ̀ náà lé itan, mo ń bá a nu imú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń kí mi, mo ń dá wọn lóhùn. Oòrùn kúrò lójú ọ̀nà. Mi ò mọ ìgbà tí ikọ́ náà dáwọ́ dúró. Mo rò pé oorun ló ń sùn, mo sì dúró jẹ́ẹ́ kí n má baà jí i.

Adjara ni mo rí tó wọlé. Ẹnìkan ti lọ sọ fún un lẹ́bàá ọ̀nà pé bàbá Brigitte jókòó sí pọ́sìtì pẹ̀lú òkú adìẹ lórí itan. Epo ṣì wà lára ìró rẹ̀. Kò mẹ́nu ba ìjà wa rárá. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi wé àgbébọ̀ náà, ó gbà á lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ọmọ, ó ní, bàbá Brigitte, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká relé. Mo ní obìnrin inú tẹlifóònù ní kí n má kúrò. Adjara ní, èmi ni mo wá sọ pé kí ẹ kúrò.

Mo dìde.

Lójú ọ̀nà ló rán ènìyàn lọ pe Abdoulaye. Alùpùpù mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé kó tó di àkókò oúnjẹ alẹ́. Ó wò wọ́n, ó ní èyí tó bá ti ṣàìsàn kò sí oògùn fún un, èyí tí kò tíì ṣe é ni òun lè bá kán oògùn sí lójú kó má baà mú un. Mo bi í pé imú ni wọ́n fi ń ṣàìsàn, kí ni ojú ṣe. Ó ní ojú ni ẹnu ọ̀nà. Mo gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n tí o bá rí dókítà, bi í. Ó kán an fún gbogbo adìẹ àgbàlá wa àti tìyá rẹ̀. Àkùkọ wa lọ ní òru ọjọ́ náà, àgbébọ̀ kejì sì tẹ̀ lé e. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù, èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ dà bí eérú. A gbẹ́ ilẹ̀ jìn, a sin wọ́n. Mo sunkún àkùkọ yẹn, Brigitte. Ẹ̀gbọ́n mi kan náà ni mo tún sin lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ti kó ẹyin wọn díẹ̀ jọ sínú igbá kí àìsàn tó dé. Àgbébọ̀ tó kù yìí, tó bá yé tán, ńṣe ló máa ń bá tirẹ̀ lọ, kò mọ ohun tó ń jẹ́ sísàba. O ti kọ̀wé nígbà kan pé ẹ̀rọ kan wà ní Kútọ̀nù tó ń bá ènìyàn pa ẹyin, kúúfẹ́ẹ̀sì, pé kí n kó ẹyin sínú ọkọ̀ ojú irin. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Ṣé kì í ṣe inú kúúfẹ́ẹ̀sì náà ni o ní wọ́n gbé àbíkẹ́yìn rẹ sí nígbà tí o bí i láìpé oṣù? Mi ò fẹ́ kí wọ́n ṣèèṣì pàrọ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àti pé òròmọdìẹ tí iná bá pa, ta ni yóò máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tan ilẹ̀?

Adjara gbọ́ bí mo ṣe ń dá sọ ọ́. Abo adìẹ abilà kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tó ń sàba nínú ìkòkò fífọ́ láìsí ẹyin lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé e gba orí ògiri fún mi, ó ní, ẹ wò ó, ẹ̀jẹ̀ tiwa ń ba nǹkan jẹ́, bóyá ooru ikùn wa ò ní bà á jẹ́. Mo tẹrí ba. A to àwọn ẹyin aláwọ̀ sánmà sábẹ́ adìẹ ilé náà, ó tún wọn tò bó ṣe fẹ́, ó jókòó.

Ní gbogbo ìgbà tí ó fi sàba, àràárọ̀ ni Adjara ń wá wò ó. A máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ìkòkò náà bí ọmọdé. Díẹ̀ nínú ẹyin náà bàjẹ́. Àwọn tó kù pa. Nígbà tí wọ́n gbẹ, tí a rí irun pínpín tó yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn bíi ti lèmọ́mù àgbà, Adjara rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìyá wọn abilà kò tilẹ̀ wo irun wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó ń pè wọ́n wá jẹ ikán. Ọ̀kan nínú wọn ti ń yọ ogbe, àkùkọ ni, ìran òyìnbó náà kò ní parẹ́. Ṣùgbọ́n bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin ará Amẹ́ríkà yẹn tí o bá kọ̀wé sí i: mo ti tú ọgbà ọparun náà. Àkùkọ pupa ń wọlé, ó ń jáde. Àwọn tí àgbébọ̀ eléérú bí fún un, tí a gbé ẹyin wọn sábẹ́ adìẹ ilé mìíràn, ní irun ẹ̀rẹ̀kẹ́ bíi ti ìyá wọn àti ẹsẹ̀ gígùn bíi ti bàbá wọn, àwòdì kò tíì rí ọ̀kan gbé nínú wọn. Èmi ò rí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀.

Brigitte, gbé ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ sílẹ̀ díẹ̀, kí o ka ibi tó kù yìí ní jẹ́jẹ́.

Mo rí i pé mo máa ń gbálẹ̀ kí Adjara tó wá wo adìẹ. Mo rí i pé mo máa ń wá ohun tí n ó sọ fún un pamọ́ láti àná. Mo bá a sọ ọ́. Ó ní ní ọjọ́ orí wa yìí? Mo ní ọjọ́ orí wa yìí gan-an ni. Ó dìde lọ sídìí agbada rẹ̀, mo rò pé mo tún ti ba nǹkan jẹ́. Abdoulaye ló wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun gbọ́, òun ò ní lòdì sí i, ohun tí òun bẹ̀ ni pé kí ìyá òun máa kírun rẹ̀ kí èmi náà máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mi. Mo ní àgbàlá náà fẹ̀.

Ṣùgbọ́n Adjara ní òun ò ní fi ẹsẹ̀ kan ilé yìí bí ìyàwó àyàfi tí ìwọ bá sọ̀rọ̀. Ó ní òun ló ń bu omi sí ìyá rẹ lára, òun ò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jókòó sí Kútọ̀nù kó máa rò pé àyè ìyá rẹ̀ ni òun ń wò nígbà tí òun ń bu omi náà. Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, ó fi etí gèlè nu ojú. Mo mọ̀ pé kò rò ó. Mo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ìwọ ni.

Nítorí náà, sọ bó ṣe rí lọ́kàn rẹ. Má ṣe wo ojú mi. Tí o bá ní kò tọ́, n ò ní bínú sí ọ, òun náà ní òun ò ní bínú. Kálukú yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri tirẹ̀, n ó máa na ẹyin sí i lókè ògiri, yóò máa na iṣu díndín sí mi. Ìyá rẹ kò kúrò lọ́kàn mi. Yàrá rẹ̀ wà bó ṣe fi í sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kí n kó ohun kan kúrò níbẹ̀.

Tí ọwọ́ rẹ bá dẹ, bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ohun tí kò bá ni ọ́ àti ọkọ rẹ lára. Mo fẹ́ ra wáyà tí n ó fi bo òkè ilé àwọn òròmọdìẹ, nítorí ológbò ti ń wá kí wọn. Àti páànù kan fún yàrá yẹn, èyí tí kò ní jẹ́ kí n tún gbé òkúta kiri. Àti ìbòrí obìnrin kan tó dára, tí aláwọ̀ ewé bá wà. Ìyẹn lè dúró de èsì rẹ. Sọ fún Jean-Baptiste pé mo kí i gidigidi, ẹyin wà fún un tó bá wá, kó má bẹ̀rù àwọ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà tí o bá tọ̀, kí ó máa tẹ́jú fún ọ. Iṣẹ́ tí o bá dáwọ́ lé, kí ó máa dáhùn. Kí àwọn ọmọ rẹ gbó dé ibi tí wọn yóò ti rẹ́rìn-ín sí wa pé a ò mọ nǹkan kan. Kí o wá bá mi láàyè, kí n sì ríran rí ọ.

Adjara ti dé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi mí bóyá mo ti kọ ọ́ tán. Ó ní kí n kí ọ. Mo bi í pé kí ni kí n ní ó pè ọ́, ọmọ aládùúgbò rẹ̀ ni tàbí ọmọ rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀, kí n fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀, kí ìwọ fúnra rẹ kọ ọ́ sí i kí o sì fi ìwé náà ránṣẹ́ padà. Òun nìyí:

Adjara ní kí n kí Brigitte, ọmọ ..............................

Èmi bàbá rẹ,
Ògúndélé